Títún Gbólóhùn Sọ Lọ́nà Mìíràn: Àkànlò Èdè àti Gírámà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a." Ẹni tí ó gbọ́ èdè dáadáa kì í ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá dí, yóò gba òmíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dé etí olùgbọ́.

Ní ojú ìwé yìí, a ó wo bí a ṣe ń mú gbólóhùn kan, tí a ó sì tún un sọ lọ́nà mìíràn láìyí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò Yorùbá ni a kọ ọ́ fún, àti ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín ní èdè yìí nílé. Ìdánrawò 10 wà ní ìsàlẹ̀, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn wọn.

ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ Ẹ̀KỌ́ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ipele gíga mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Nínú ìdánwò Cambridge tí a ń pè ní C1 Advanced, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn 6. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ yí padà rárá, àti gbólóhùn kejì tí ó ní àlàfo. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọ̀rọ̀ 3 sí 6 dí àlàfo náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un yóò sì wà lára wọn. Ní C2 Proficiency, tí ó le jù ú lọ, ọ̀rọ̀ 3 sí 8 ni. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti JAMB náà máa ń béèrè ìtumọ̀ gbólóhùn tí àkànlò èdè wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn irú ìbéèrè yìí ni pé ó ń dán nǹkan méjì wò lẹ́ẹ̀kan náà: gírámà àti àkànlò èdè. Ẹni tí ó há gírámà sórí ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè yóò kọsẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ yóò kọsẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tí ó ní kí a má ṣe irú rẹ̀ ní Yorùbá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ BI ARA YÍN

Kí ẹ tó sọ pé gbólóhùn kejì dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Ṣé ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ?
2. Ṣé a kò fi nǹkan kún un, ṣé a kò sì yọ nǹkan kúrò?
3. Ṣé a lè sọ méjèèjì níwájú ẹni kan náà, níbi kan náà, láìtàbùkù ẹnikẹ́ni?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Òun sì ni ó lè kó ọmọ sí wàhálà jù.

APÁ KÌÍNÍ: GÍRÁMÀ

(a) Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́

"Ni" ni a fi ń ṣe é. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ìyá fọ aṣọ.

- Bí ẹnì kan bá béèrè ẹni tí ó fọ̀ ọ́: Ìyá ni ó fọ aṣọ.
- Bí ó bá béèrè ohun tí ìyá fọ̀: Aṣọ ni ìyá fọ̀.
- Bí ó bá béèrè ohun tí ìyá ṣe sí aṣọ: Fífọ̀ ni ìyá fọ aṣọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohùn orí ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "fọ̀" ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà á di ti àárín: fọ aṣọ. Bí a bá gbé àbọ̀ lọ sí iwájú, ohùn ìsàlẹ̀ á padà sí àyè rẹ̀: aṣọ ni ìyá fọ̀. Bákan náà ni "rà": ó ra ìwé, ìwé ni ó rà. Ẹni tí ó bá kọ "Aṣọ ni ìyá fọ" ti pàdánù máàkì. Bí ó bá sì kọ "Aṣọ ni ìyá fọ́", ó ti sọ ìtàn mìíràn pátápátá, nítorí ohun tí ó lè fọ́ ni à ń fọ́, bí àwo àti ìgò.

(b) Àyísódì

Gbólóhùn àyísódì kò rọrùn bí àwọn ọmọ ṣe rò ó. "Kò" nìkan kọ́ ni a ń lò:

- Adé lọ. Adé kò lọ.
- Adé ti lọ. Adé kò tíì lọ.
- Adé máa ń lọ. Adé kì í lọ.
- Adé yóò lọ. Adé kò ní lọ, tàbí Adé kì yóò lọ.
- Máa lọ. Má lọ.
- Adé ni. Adé kọ́.

Bí "ó" bá jẹ́ olùwà, a kì í kọ ọ́ mọ́ níwájú "kò": Ó lọ, Kò lọ.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjì yìí:

N kò fọ́ àwo náà.
Èmi kọ́ ni mo fọ́ àwo náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó sọ ti kejì ti gbà pé àwo náà fọ́, àti pé ẹnì kan ni ó fọ́ ọ. Ohun tí ó ń sẹ́ ni pé òun kọ́ ni ẹni náà. Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ kò gba ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kí àwo náà ṣì wà lódidi nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá pe ọmọ kan láti wá rojọ́ níwájú olùkọ́ tàbí òbí, tí ẹlòmíràn sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní ọ̀nà kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ni ó sọ, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ gírámà kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan.

(d) Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn

Ìwé gírámà ń pe ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹni tí ó ni ín jáde gẹ́lẹ́ ní afọ̀ asafọ̀. Èyí tí ẹlòmíràn ń ròyìn ni afọ̀ agbafọ̀.

Olú sọ pé, "Mo ti jẹun."
Olú sọ pé òun ti jẹun.

"Òun" ni ó fi hàn pé Olú ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "Olú sọ pé ó ti jẹun", olùgbọ́ yóò rò pé ẹlòmíràn ni Olú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà kékeré bẹ́ẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ó sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ wọ inú gírámà:

Bàbá àgbà sọ pé, "Mo ti jẹun."
Bàbá àgbà sọ pé àwọn ti jẹun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá àgbà, ṣùgbọ́n "àwọn" àti "wọ́n" ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Bí ó bá jẹ́ àṣẹ, "kí" ni a ń lò. Ìyá sọ fún mi pé, "Lọ gbá ilẹ̀." Ìyá sọ fún mi pé kí n lọ gbá ilẹ̀.

(e) Gbólóhùn kání

Èyí wà fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí à ń fẹ́ kí ó ti ṣẹlẹ̀.

N kò ní owó lọ́wọ́ lánàá, nítorí náà n kò ra ìwé náà.
Kání mo ní owó lọ́wọ́ lánàá ni, ǹ bá ti ra ìwé náà.

Ẹ rí i pé "kò" ti kúrò ní ìhà méjèèjì. Kání fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "Kání n kò ní owó" ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ sódì.

(ẹ) Ìsọdorúkọ

A lè sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, kí a sì fi gbogbo gbólóhùn ṣe olùwà:

Ó yà mí lẹ́nu pé Bọ́lá dé.
Dídé tí Bọ́lá dé yà mí lẹ́nu.

(f) Ohun tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe é

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tí ó fi ń gbé ohun tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ṣe olùwà gbólóhùn. Àwọn ọmọ wa máa ń gbé ọ̀nà yìí wọ Yorùbá, wọ́n á ní: "Ilé náà jẹ́ kíkọ́ nípasẹ̀ bàbá mi." Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Bí a bá mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, a ó ní: "Bàbá mi ni ó kọ́ ilé náà." Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a ó ní: "Wọ́n kọ́ ilé náà ní 1960." "Wọ́n" àti "a" ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ ka gírámà yìí síwájú sí i, ẹ wá ìwé Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ, tí ó jáde ní 1990.

APÁ KEJÌ: ÀKÀNLÒ ÈDÈ

Àkànlò èdè ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí òwe. Òwe lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí odindi ọ̀rọ̀, ó sì máa ń ní ìmọ̀ràn tàbí ìkìlọ̀ nínú. Àkànlò èdè ń wọ inú gbólóhùn ni, ó sì ń gba ipò ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí nìyí tí ó fi wúlò fún títún gbólóhùn sọ ju òwe lọ.

Díẹ̀ lára wọn nìyí:

Sá lọ: na pápá bora, fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Kọ̀ jálẹ̀: fi àáké kọ́rí, fárígá.
Sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pa mọ́: kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.
Bínú ṣùgbọ́n kí a má fi hàn: fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tu itọ́ funfun jáde.
Jìyà púpọ̀: ojú rẹ̀ rí màbo.
Ṣe ìwádìí: fi imú fínlẹ̀.
Kùnà: forí ṣánpọ́n.
Mú ẹni tí ó ṣẹ̀: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Ó ti pẹ́ jù, kò sí àtúnṣe: ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ bá ń lò wọ́n.

Èkíní, a kì í já wọn sí wẹ́wẹ́. Ẹ lè yí àsìkò padà, kí ẹ sọ pé "ó ti na pápá bora" tàbí "yóò na pápá bora". Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé "Pápá ni ó nà bora", ẹni tí ó gbọ́ yóò kàn máa wò yín ni. "Ẹ̀pa ò bóró mọ́" náà kò ṣeé yọ "ò" kúrò nínú rẹ̀.

Èkejì, a kì í túmọ̀ wọn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ológbò àti ajá ni ó ń rọ̀ bí òjò bá le. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, wọn á béèrè ohun tí ó ṣe yín. Ohun tí àwa ń sọ ni pé òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Bí a bá tún ń lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ewu kan náà wà níbẹ̀. A máa ń sọ pé a "gbọ́" òórùn. Ọmọ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún etí sọ ọ́ yóò gba òdo, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ imú.

Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí a ń lò ó fún. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ikú ṣe àpẹẹrẹ. "Kú" ni ọ̀rọ̀ lásán. Bí ó bá jẹ́ ọba, a ó ní ọba wàjà, ìyẹn ni pé ó wọ àjà. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, a lè sọ pé wọ́n papòdà, tàbí wọ́n jáde láyé. "Ṣe aláìsí" bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, lọ́mọdé lágbà. "Ta téru nípàá" náà túmọ̀ sí kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni. A lè lò ó fún olè inú àlọ́, tàbí ìjàpá.

Ẹ wá rò ó wò: ọmọ kan bá ìyá rẹ̀ lọ kí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọmọ náà fẹ́ fi hàn pé òun gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ó wá sọ pé, "A gbọ́ pé bàbá ta téru nípàá." Nínú ìwé àkànlò èdè, ìtumọ̀ kan náà ni. Nínú ilé ọ̀fọ̀, èébú gbáà ni. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni: "A gbọ́ pé bàbá jáde láyé. Ẹ kú àṣẹ̀hìndè o." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà nínú apó.

Bákan náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin tí ó lóyún, a máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé ó fẹ́ra kù. Bí ó bá bímọ, a ó ní ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń bo ohun tí kò yẹ kí a máa pariwo ní gbangba, olùgbọ́ sì mọ ohun tí à ń wí.

APÁ KẸTA: ÌDÁNRAWÒ

Ẹ tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ kí ìtumọ̀ rẹ̀ má yí padà. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà ńlá kọ, ẹ má sì yí i padà.

1. Àwọn ọmọ náà sá lọ nígbà tí wọ́n rí ejò. PÁPÁ
2. Ohun tí ìyá rà ní ọjà ni ẹ̀wà. RÀ
3. Iṣẹ́ àṣetiléwá Adé ṣì kù díẹ̀. TÍÌ
4. Bàbá àgbà wí pé, "Mo fẹ́ sinmi." ÀWỌN
5. Bísí kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní bá wa lọ. ÀÁKÉ
6. A kò tètè jí, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi fi wá sílẹ̀. KÁNÍ
7. Òjó kò ga tó Adé. JU
8. Ọba ìlú náà kú ní ọdún tí ó kọjá. WÀJÀ
9. Ọlọ́pàá mú olè náà. ỌWỌ́
10. Ó yà wá lẹ́nu pé Bọ́lá borí nínú ìdíje náà. BÍBORÍ

Ìdáhùn

1. Àwọn ọmọ náà na pápá bora nígbà tí wọ́n rí ejò.
2. Ẹ̀wà ni ìyá rà ní ọjà. (Ẹ rántí ohùn ìsàlẹ̀ orí "rà".)
3. Adé kò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tán. (Bí ẹ bá gbàgbé "tán", ó di pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.)
4. Bàbá àgbà wí pé àwọn fẹ́ sinmi.
5. Bísí fi àáké kọ́rí pé òun kò ní bá wa lọ.
6. Kání a tètè jí ni, ọkọ̀ kì bá ti fi wá sílẹ̀.
7. Adé ga ju Òjó lọ. (Ẹ má kọ pé Òjó kúrú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ga.)
8. Ọba ìlú náà wàjà ní ọdún tí ó kọjá.
9. Ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ olè náà. (Ohùn "tẹ̀" di ti àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e.)
10. Bíborí tí Bọ́lá borí nínú ìdíje náà yà wá lẹ́nu.

Ẹ fún ara yín ní máàkì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún gírámà, ọ̀kan fún ìtumọ̀ tí kò yí. Bí àmì ohùn bá ṣì yín lọ́wọ́, ẹ yọ ààbọ̀ máàkì.

FÚN OLÙKỌ́ ÀTI ÒBÍ

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kàn há àkànlò èdè sórí bí ẹni há orúkọ odò. Ẹ jẹ́ kí ó ní ìwé kékeré kan. Bí ó bá gbọ́ àkànlò èdè tuntun, kí ó kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Méjì tí ó kẹ́yìn yìí ni kì í sábà sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́.

Ní ilé, ẹ lè fi ṣe eré lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kí òbí sọ gbólóhùn kan, kí ọmọ àkọ́kọ́ tún un sọ, kí ìkejì náà tún un sọ lọ́nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ìtumọ̀ padà ni yóò fọ abọ́! Bí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà bá wà nílé, àwọn ni kí ẹ fi ṣe adájọ́, nítorí àwọn ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni.

Bí ó bá sì jẹ́ òwe ni ọmọ fẹ́ fi dáhùn níwájú àgbà, ẹ rán an létí kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Àwọn àgbà yóò sì dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ìyẹn náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ èdè.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí ẹ tó tún ọ̀rọ̀ sọ, yálà tiyín ni tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ohun kan náà ni yóò dé etí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ire o.